Àjọ Ìṣẹ́jú

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni káńsù wọ̀n fún wa,
bí ẹni ń fi ìdérí ìgò wọn òróró.
Mo ṣílẹ̀kùn Dórín ní Grimsby láago méje òwúrọ̀,
fóònù mi ti ń kà kí n tó bọ́ bàtà.
Wẹ̀ ẹ́. Fún un lóògùn. Po tíì. Kọ ọ́ sílẹ̀. Máa lọ.
Òtútù òkun bá mi wọlé;
kò tíì jókòó tí mo fi ń jáde.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún ni.
Ogójì ọdún ló fi la ẹja létí èbúté,
ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń la á lójú oorun:
kò sọ́bẹ, kò sẹ́ja,
aṣọ ìbora ló ń fara gbọgbẹ́.
Fadérera lorúkọ mi.
Ó gé e lórí, ó gé e nírù,
ó ku "Dére", ó jù ú sínú agbọ̀n.

Ní oṣù Ṣẹ́ẹ́rẹ́, ó kọ̀ jálẹ̀.
"Mi ò wẹ̀. Ta ni mo fẹ́ wẹ̀ fún? Ògiri?"
Mo wo fọ́ọ̀mù.
Kò sí àyè fún ìbéèrè yẹn níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀.
Lọ́dún tó kọjá mo fowó oògùn ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Ìmẹ̀sí;
ó fi ra ewúrẹ́.
Mo pariwo títí owó ìpè fi tán.
Àbúrò mi ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra.
Látìgbà tí ewúrẹ́ yìí ti dé, wọn kì í sùn di ọ̀sán mọ́.
Wọ́n ń jáwé fún un, wọ́n ń rìn dé ìsàlẹ̀ odò,
wọ́n tilẹ̀ ń bú u."
Ta ni yóò kọ ewúrẹ́ sínú ìwé oògùn?

Nígbà tí Násírín ti káńsù wá, tòun ti fáìlì ràbàtà,
tó ní, "Màmá, owó yín ni.
Ẹ̀yin lẹ máa sọ bí a ó ṣe ná an,"
Dórín wò ó bí ẹni gbọ́ pé ẹja gun ọ̀pẹ.
Ọdún mẹ́fà rèé tí a kò bi í ní nǹkan kan
ju "Ṣé ẹ ti gbé e mì?" lọ.

Èmi ni mo sọ̀rọ̀. Mo ní, ẹ jẹ́ ká dá àjọ.
Ọjọ́ Ajé, ẹ dá ìṣẹ́jú díẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ tún dá.
Ní Ọjọ́rú, aṣọ tútù la ó fi nu ara, ìyókù wọ àpò.
Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ kó àjọ yín.
Dórín ní, "Tí alájọ bá sá lọ ńkọ́?"
Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí eyín rẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀gá mi ní ẹ̀rọ kò gbọ́ èdè àjọ.
Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ìwé mọ́kànlá,
àti ọjọ́ kan tí Násírín fọwọ́ lu tábìlì.

Mo ti àga onítáyà rẹ̀ dé èbúté.
Ọkọ̀ ojú omi kò pọ̀ bíi tàtijọ́; ẹyẹ òkun ló kù tó ń ṣòfófó.
Ọmọkùnrin kan ń la ẹja. Dórín wò ó, ó ṣe ṣìọ̀:
"O ń fi ẹran ṣòfò. Gbé ọ̀bẹ wá."
Ọwọ́ tí kì í lè di ife tíì mú!
Ọ̀bẹ gba ẹ̀gbẹ́ egungun kọjá
bí ẹni mọ ọ̀nà ilé lóru.
Ọmọkùnrin náà kò sọ̀rọ̀. Ó sún mọ́ ọn, ó ń wòran.

A délé. Ó gbóòórùn ara rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.
"Wẹ̀ mí, Dére. Mo ń rùn bí ẹni tó níṣẹ́."

Kò sí ìwẹ̀ nínú ìṣẹ́jú Ọjọ́bọ̀.
Mo dojú fóònù dé orí tábìlì,
mo ṣí omi gbígbóná.
A jẹ gbèsè ìṣẹ́jú méjìlá.
Ní Ọjọ́ Ajé, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í san án.